Ibòòji àti Afẹ́fẹ́: Bí Aṣọ Ìlúwẹ̀ẹ́ Ṣe Lè Pẹ́ ní Etíkun Oníru

Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni aṣọ tí wọ́n dìídì rán fún wíwọ inú omi, ì báà jẹ́ omi òkun, omi ọ̀sà tàbí omi inú adágún àfọwọ́ṣe tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí púùlù, ohun tí wọ́n sì fi ń dá a mọ̀ ni pé ó máa ń fún mọ́ ara, ó máa ń fà nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ bá nà, yóò sì tún súnkì padà sí bí ó ti wà. Ọ̀nà tí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ń gbà bàjẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ tí ó ṣeé dènà ń wáyé lẹ́yìn tí ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti jáde kúrò nínú omi, nígbà tí wọ́n bá ká a ní tútù sínú ọ̀rá, tí wọ́n bá fún un bí ẹni fún ewúro, tàbí tí wọ́n bá sá a sínú oòrùn ọ̀sán gangan. Kókó ọ̀rọ̀ àsọyé yìí ni pé àṣà sísá aṣọ sí oòrùn, èyí tí òwú ti kọ́ àwọn Yorùbá láti ìgbà pípẹ́, kò bá okùn tí wọ́n fi ń hun aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ mu, àti pé ní etíkun bí Oníru, omi tí kò ní iyọ̀, ibòòji àti afẹ́fẹ́ ni ohun mẹ́ta tí ó ń mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pẹ́.

Oníru wà ní Erékùṣù Victoria, ní ẹnu ibi tí ilẹ̀ Lẹ́kí ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ oyè ọba ilẹ̀ Ìru ni àdúgbò náà sì ń jẹ́. Òkun Atlántíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà wà ní àríwá, èyí sì mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kún fún omi àti iyọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí etíkun náà ti jẹ́ ibi ìgbafẹ́ fún àwọn ará Èkó, bí iṣẹ́ òpópónà etíkun tí yóò so Èkó pọ̀ mọ́ Calabar sì tilẹ̀ mú kí wọ́n wó ọ̀pọ̀ ilé ìgbafẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 2024, tí èyí sì kan Landmark Beach pẹ̀lú, àwọn ènìyàn kò ṣíwọ́ lílọ sí etí omi, púùlù sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìtura àti ọgbà ilé gbígbé tí ó wà ní àyíká. Nítorí náà, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo lè pàdé omi mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan: omi òkun ní àárọ̀, omi púùlù ní ọ̀sán, àti omi kànga ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní bọ́họ̀ọ̀lù, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú omi mẹ́ta yìí ni ó ní ohun tí ó ń fi sílẹ̀ sára aṣọ, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tí omi kọ̀ọ̀kan fi sílẹ̀ kò ní mọ bí yóò ṣe mú un kúrò.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ará etí ọ̀sà kò nílò aṣọ ọ̀tọ̀ fún omi, nítorí pé ọmọdé a máa bọ́ra sílẹ̀ kí ó tó bẹ́ sódò, àgbà apẹja a sì sán bàǹtẹ́, èyí tí í ṣe aṣọ kékeré tí ọkùnrin ń sán mọ́ ìdí, òwú ni wọ́n sì fi ń hun ún, tí ó fi jẹ́ pé bí ó bá tutù, wọn yóò sá a sí oòrùn, yóò sì gbẹ láìsí wàhálà. Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, irun àgùntàn ni wọ́n sábà fi ń hun aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, irun náà a sì máa mu omi títí yóò fi wúwo, tí yóò sì máa rọ̀ wálẹ̀ lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́. Ìyípadà dé nígbà tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe okùn tí kì í ṣe ti ewéko tàbí ti ẹranko. Wallace Carothers àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣe náílọ́ọ̀nù ní ọdún 1935. John Rex Whinfield àti James Tennant Dickson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe políẹ́sítà tí ó ṣeé fi hun aṣọ ní ọdún 1941. Nígbà tí ó sì di ọdún 1958, Joseph Shivers, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ DuPont, ṣe okùn kan tí ó ń fà bíi rọ́bà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ elastane, tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní spandex, tí àwọn aránṣọ Èkó sì mọ̀ sí láíkírà, nítorí pé Lycra ni orúkọ tí DuPont fi tà á.

Ọ̀pọ̀ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó wà lọ́jà lónìí jẹ́ àdàpọ̀, tí ó fi jẹ́ pé nínú ìdá 100, náílọ́ọ̀nù lè kó nǹkan bí 80 kí láíkírà sì kó 20 yòókù. Náílọ́ọ̀nù ni ó dà bí egungun aṣọ náà, láíkírà sì ni iṣan rẹ̀. Okùn láíkírà lè fà dé ìlọ́po márùn-ún gígùn rẹ̀ kí ó tó já, ìdí tí ó sì fi ń padà sípò ni pé inú rẹ̀ pín sí apá rírọ̀, tí ó ká jọ bí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kó sínú àpò, àti apá líle, tí ó di àwọn apá rírọ̀ náà mú kí wọ́n má bàa yọ̀ lọ. Nígbà tí kilorínì, ooru tàbí ìtànṣán oòrùn bá gé ẹ̀wọ̀n wọ̀nyí, okùn náà kò ní lè súnkì mọ́, aṣọ náà yóò sì dẹ̀. Àmì tí ó máa ń kọ́kọ́ hàn ni pé ìdí aṣọ náà a máa wú bí àpò òfìfo, aṣọ a fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá, okùn funfun tín-ín-rín a sì máa yọ síta bí irun. Bí ó bá ti dé ibẹ̀, kò sí ìfọ̀ tàbí ìlọ̀ tí ó lè dá a padà, nítorí náà ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí aṣọ ṣì wà ní tuntun.

Kilorínì ni ó yẹ kí àlàyé kọ́kọ́ kàn. Àwọn tí ń tọ́jú púùlù ní Èkó a máa da ohun funfun bí ìyẹ̀fun kan, tí wọ́n mọ̀ sí HTH, sínú omi, òun ni ó sì ń tú kilorínì jáde láti pa kòkòrò àìsàn. Ìwọ̀n tí ó bójú mu nínú púùlù jẹ́ nǹkan bíi mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà omi kan, ó sì kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n bí kilorínì ṣe ń ba kòkòrò jẹ́ náà ni ó ṣe ń ba láíkírà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí omi bá sì gbóná, bíi ti agbada omi gbígbóná tí àwọn ilé ìtura ń pè ní jakúsì, ìbàjẹ́ náà a máa yá sí i. Òórùn tí ó máa ń ta sí imú létí púùlù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó jẹ́ àmì omi tí ó mọ́, jẹ́ òórùn chloramine, èyí tí ó ń jáde nígbà tí kilorínì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀, ó sì lè wà lára aṣọ di ọjọ́ kejì bí wọn kò bá ṣan án. Láti inú àlàyé yìí ni ó ti hàn pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi bílíìsì, tí àwọn kan ń pè ní Jik, fọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ nítorí pé ó fẹ́ kí ó funfun, torí pé ìran kilorínì kan náà ni ó wà nínú ìgò bílíìsì, ó sì lágbára níbẹ̀ ju ti inú púùlù lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 10,000.

Ti omi òkun yàtọ̀, nítorí pé iyọ̀ ni ó ń fi sílẹ̀. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ a máa tó gíráàmù 30 sí 35, èyí tí ó túmọ̀ sí pé bí aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ kan bá gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà omi jáde, iyọ̀ tí ó tó ìlàjì ṣíbí tíì ni yóò kù sáàárín okùn rẹ̀ nígbà tí omi bá gbẹ. Gbogbo ẹni tí ó ń dáná ní Èkó mọ̀ pé iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ní ìgbà òjò a máa yọ omi, nítorí pé ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni iyọ̀ inú aṣọ ṣe ń fa omi padà sínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n sá láti àárọ̀ lè ṣì tutù rinrin ní alẹ́. Ẹ̀fúùfù òkun Oníru, tí òun fúnra rẹ̀ gbé omi àti iyọ̀ dání, a tún máa dá kún un. Yanrìn etíkun pẹ̀lú jẹ́ ọ̀tá aṣọ, nítorí pé hóró rẹ̀ le ju okùn lọ, bí ó bá sì há sáàárín okùn, ìgbàkígbà tí aṣọ bá fà ni yóò máa rin ín bí ayùn.

Omi kẹta, èyí tí ó yẹ kí ó jẹ́ ìwòsàn, lè di àrùn mìíràn. Ní Erékùṣù Victoria àti Lẹ́kí, omi bọ́họ̀ọ̀lù ní ọ̀pọ̀ ilé ní iyọ̀ díẹ̀ nínú nítorí pé òkun kò jìnnà sí i lábẹ́ ilẹ̀, ó sì tún máa ń ní irin nínú, èyí tí ó ń sọ ike omi àti agbada ìwẹ̀ di pupa rẹ́súrẹ́sú. Irin yìí a máa fi àbàwọ́n sára aṣọ aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tún lè bá ohun kan tí ń jẹ́ avobenzone, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí ń dáàbò bo awọ ara lọ́wọ́ oòrùn, dàpọ̀ di àbàwọ́n aláwọ̀ ọsàn tí ó ṣòro láti mú kúrò. Fún ìdí èyí, bí omi ilé bá pọ́n tàbí bí ó bá ní iyọ̀ lẹ́nu, ó dára kí ìṣàn ìkẹyìn jẹ́ ti omi tí wọ́n ti sẹ́, tàbí ti omi òjò tí wọ́n gbè láti inú òjò tí ó ti rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí ó sì ti ṣan òrùlé mọ́. Bí ìyẹn kò bá sí, omi inú ọ̀rá, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí píọ̀ wọ́tà, tó fún un, nítorí pé ọ̀rá kan a máa gba omi tí ó tó ìdajì lítà, ọ̀rá méjì sì lè ṣan aṣọ kan dáadáa bí wọ́n bá lò ó nínú abọ́ kékeré.

Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan náà wúlò kí ènìyàn tó wọ omi rárá. Okùn aṣọ tí ó gbẹ dà bíi kànìnkànìn, omi tí ó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò mu yó. Bí ó bá jẹ́ omi tí ó mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi rin ín lára ẹni tí ó wọ̀ ọ́, àyè tí yóò kù fún omi oníkilorínì tàbí omi oníyọ̀ láti wọlé yóò dín kù. Nígbà tí ènìyàn bá sì jáde, kí ó ṣan aṣọ náà ní ojú ẹsẹ̀, kí òógùn àti iyọ̀ tó gbẹ mọ́ ọn. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n yẹra fún jù lọ ni kíká aṣọ tútù sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì jù ú sínú búùtù ọkọ̀, nítorí pé inú ọkọ̀ tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè gbóná kọjá ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní òpópónà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ sì lè mú kí aṣọ náà wà nínú ooru bẹ́ẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ooru, omi àti kilorínì tí wọ́n há mọ́ ibì kan ni yóò ba aṣọ jẹ́ ju gbogbo ìlúwẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà lọ. Táwẹ̀lì gbígbẹ ni ó yẹ kí wọ́n fi wé e títí wọn yóò fi délé.

Ní ti fífọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ni ó yẹ kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, nínú omi tútù, pẹ̀lú ọṣẹ olómi díẹ̀ tí kò le, kí wọ́n rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí wọ́n rọra tẹ̀ ẹ́ nínú omi láì fi ọwọ́ bó o, lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣan án títí omi yóò fi mọ́. Ọṣẹ dúdú, tí wọ́n fi eérú ṣe, àti ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun dára fún òwú, ṣùgbọ́n wọ́n le jù fún okùn tí ó ń fà. Òrí, òróró àgbọn àti ìpara tí wọ́n fi ra ara kí wọ́n tó wọ omi gbọ́dọ̀ jáde pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀rá wọn a máa dúró sínú okùn, ó sì ń mú kí láíkírà yára dẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ, ẹ̀rọ ìgbẹṣọ tí ń lo ooru àti áyọ́ọ̀nù kò ní ohun kan í ṣe pẹ̀lú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣan án, ọgbọ́n tí ó kù ni bí omi yóò ṣe kúrò lára rẹ̀ láìsí pé wọ́n fún un. Fífún ni kí wọ́n di aṣọ mú ní ìpẹ̀kun méjèèjì kí wọ́n sì lọ́ ọ, ìlọ́ náà a sì máa fa okùn kan ju èkejì lọ, tí yóò fi dẹ̀ ní ojú kan. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tẹ́ aṣọ náà sórí táwẹ̀lì gbígbẹ, kí wọ́n ká àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹní, kí wọ́n sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, táwẹ̀lì yóò mu èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi náà. Bí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́ okùn ìsáṣọ, kí ó jẹ́ àárín rẹ̀ ni wọn yóò dá lé okùn, kí wọ́n má fi okùn èjìká rẹ̀ kọ́ ọ, nítorí pé ìwúwo omi yóò fa èjìká náà gùn.

Ibi tí àṣà òwú ti ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà ni sísá. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 àti ààbọ̀ sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ibẹ̀ sì le ní gbogbo ọdún, ìtànṣán rẹ̀ tí ojú kò rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ultraviolet, a sì máa gé ẹ̀wọ̀n inú náílọ́ọ̀nù àti láíkírà, a sì máa mú kí àwọ̀ aṣọ ṣá. Àwọn ìyá ti mọ apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, nítorí pé wọ́n máa ń yí òde aṣọ aláwọ̀ sínú kí wọ́n tó sá a. Ohun tí ó ń gbé omi kúrò lára aṣọ ni afẹ́fẹ́ tí ń kọjá lára rẹ̀, oòrùn kàn ń mú iṣẹ́ náà yá ni, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ sì fẹ́lẹ́ débi pé kò nílò ìrànlọ́wọ́ oòrùn, pàápàá tí ó bá jẹ́ políẹ́sítà, tí okùn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Ní Oníru, ẹ̀fúùfù a máa fẹ́ láti òkun wá sí ilẹ̀ ní ọ̀sán, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tí ó ní ibòòji tí ẹ̀fúùfù sì ń là kọjá ni ibi ìsáṣọ tí ó dára jù, bí kò bá ti sí lórí irin, nítorí pé afẹ́fẹ́ oníyọ̀ tètè ń mú kí irin dógùn-ún, ìdógùn-ún náà a sì máa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù, tí ń tú ooru jáde, àti ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, tí ń tú èéfín jáde, kò yẹ fún un.

Ìgbà ọdún náà ní ipa tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà, tí òjò Èkó máa ń pọ̀ jù, omi inú afẹ́fẹ́ a máa pọ̀ débi pé aṣọ tí ó wà níta kì í gbẹ, ìrì òru a sì máa sọ èyí tí ó ti gbẹ di tútù padà, nítorí náà inú ilé, lábẹ́ fáànù, ni ó yẹ kí wọ́n sá a sí. Ní ìgbà ọyẹ́, yóò tètè gbẹ nínú ibòòji, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọn eruku rẹ̀ dànù kí wọ́n tó kó o nílẹ̀. Aṣọ tí kò gbẹ tán tí wọ́n sì kó sínú àpótí yóò bu, àmì dúdú wínníwínní tí yóò fara hàn lára rẹ̀ kì í sì í lọ; ẹni tí ó bá sì jókòó pẹ́ nínú aṣọ tútù ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún làpálàpá àti ìyún ojú abẹ́.

Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tí ń wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó bo gbogbo ara, irú èyí tí Aheda Zanetti dá sílẹ̀ ní Ọsirélíà ní ọdún 2004 tí ó sì sọ ní burkini, nílò ìtọ́jú yìí ju àwọn yòókù lọ, nítorí pé aṣọ tí ó pọ̀ ń gbé omi, iyọ̀ àti kilorínì tí ó pọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa yí i padà lórí okùn kí inú rẹ̀ náà lè gbẹ. Ẹni tí ó bá sì ń ra òkìrìkà ní ọjà bíi Kàtángúà, kí ó na aṣọ náà síwájú ìmọ́lẹ̀ kí ó tó náwó lé e. Bí kò bá súnkì padà lójú ẹsẹ̀, tàbí bí okùn funfun bá ń yọ síta, láíkírà rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ń lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ni aṣọ méjì tí ó ń pààrọ̀ ara wọn tọ́ sí, kí ọ̀kan lè sinmi, kí ó sì gbẹ tán, nígbà tí èkejì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Èdè Yorùbá fi ìyàtọ̀ sáàárín aṣọ tí ó gbó àti aṣọ tí ó bàjẹ́. Aṣọ tí ó gbó ni èyí tí olówó rẹ̀ ti wọ̀ títí ó fi san gbèsè owó tí wọ́n fi rà á. Èyí tí ó bàjẹ́ kò rí àyè dàgbà. Àwọn àgbà ní ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ṣùgbọ́n kò lè ní àkísà bí àgbà, àlàyé rẹ̀ sì ni pé àkísà jẹ́ ẹ̀rí ọjọ́ pípẹ́. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tí ó dẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta nítorí oòrùn àti búùtù ọkọ̀ kò gbó, wọ́n kàn pa á ní kékeré ni, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rá omi méjì, táwẹ̀lì kan àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ti tó láti jẹ́ kí ó dàgbà di àkísà.